Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Kó Lọ Sóko Pẹ̀lú Ará Ìjọ

Ọmọ mi, ìròyìn kàn mí pé ìwọ àti àwọn ìdílé kan nínú ìjọ yín fẹ́ kó kúrò l'Ékòó. Ẹ fẹ́ jọ ra ilẹ̀, kí ẹ jọ máa dáko, kí ẹ jọ máa jí gbàdúrà, kí àwọn ọmọ yín sì dàgbà níbi tí wọn yóò ti mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí àgùntàn. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n jókòó ná, ká sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ ó kọ́kọ́ ṣe é nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1947, àwọn ará Ìlàjẹ kan tó jáde láti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù lọ tẹ Ayétòrò dó sẹ́bàá òkun, níbi tó di Ìpínlẹ̀ Òǹdó lónìí. Orí òpó igi ni wọ́n gbé ilé wọn lé nínú ẹrẹ̀, pákó ni wọ́n tẹ́ ṣe títì. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà àti ọṣẹ. Iná mànàmáná ń tàn lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú wa ṣì ń tan àtùpà. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò ṣeé ṣe. Wọ́n jọ ní ohun gbogbo ni, ṣùgbọ́n àjọni yẹn kò tọ́jọ́, ohun tó fà á ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Ìgbàgbọ́ lè kó yín jọ. Àdéhùn tí ẹ bá ṣe nígbà tí inú yín ṣì dùn síra yín ni yóò jẹ́ kí ẹ lè jọ máa gbé.

1. Ẹ jọ roko kí ẹ tó jọ ra ilẹ̀. Ẹni tí o mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, o kò tíì mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gèlè á dúró, agbádá á le, gbogbo ẹnu á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ háyà éékà méjì fún àkókò òjò kan péré, kí ẹ gbin àgbàdo sí i. Oṣù mẹ́ta kọ́ ni yóò pa yín. Kó tó gbó, ẹ ó ti mọ ẹni tí kì í dé àfi tí oòrùn bá ti mú, ẹ ó mọ ẹni tó ń yá ọkọ́ tí kì í dá a padà, ẹ ó sì mọ ẹni tí ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìdílé tó bá yẹra nínú oṣù mẹ́ta yìí kò ba nǹkan kan jẹ́. Èyí tó bá yẹra lẹ́yìn tí ẹ ti jọ kọ́lé, kóòtù ni.

2. Ẹ ya ohun tó jẹ́ ti gbogbo yín sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ ti oníkálukú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì lẹ ó nà sí mi, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ti jọ ní ohun gbogbo. Ẹ ka orí karùn-ún náà. Pétérù sọ fún Ananíà tó ta ilẹ̀ rẹ̀ pé kó tó ta ilẹ̀ náà, tirẹ̀ ni, lẹ́yìn tó sì tà á tán, ìkáwọ́ rẹ̀ ni owó wà. Irọ́ ló pa á. Kò sẹ́ni tó fipá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó le jù ni àwọn ará Ayétòrò mú. Ẹnikẹ́ni kò ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìlú ló ń bọ́ wọn, ìlú ló ń fún wọn láṣọ, ìlú ló ń pín iṣẹ́ fún wọn. Ó so èso o, torí owó ẹja kò fọ́n ká, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń rà. Stanley Barrett, onímọ̀ ará Kánádà tó lọ ṣèwádìí láàárín wọn, tó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1977, gbà pé àjọni yẹn gan-an ló gbé ọrọ̀ ìlú náà dìde. Àmọ́ àwọn tó tẹ ìlú náà dó, tí wọ́n ti jọ jẹ ìyà inúnibíni, ló fara da irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dàgbà sínú ìrọ̀rùn kò rí ìdí tí wọn kò fi ní ní tiwọn. Nígbà tó fi di 1968, oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣòwò ara rẹ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Ilé, ọgbà ẹ̀fọ́ àti adìyẹ, kí wọ́n jẹ́ ti ìdílé kọ̀ọ̀kan. Kànga, katakata, ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá àti oko ńlá, kí wọ́n jẹ́ ti gbogbo yín. Ẹ kọ ẹni tí yóò máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹni tí yóò tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Má rò pé ó kéré jù láti kọ. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, ìbínú tó sì ń tú àwọn ará ká, orí irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

3. Ẹ má fi ẹnu ra ilẹ̀, ẹ má sì rà á lórúkọ pásítọ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ oko wa ni ilẹ̀ ẹbí. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí nínú rẹ̀, òfò ni títà náà, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí olórí ẹbí sì dá a tà láìsí àwọn olórí ojúlé, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ láti fagi lé e. Nítorí náà, kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí olórí ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí agbẹjọ́rò tiyín wà níbẹ̀. Láti 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, torí náà kí awọnlẹ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ fi orúkọ ọkọ àti ìyàwó sórí ìwé ilẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ìjọsìn lè wà lórúkọ ẹgbẹ́ tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, èyí tó ní àwọn alámòójútó dúkìá, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ohun tó bá ti di ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé pín láàárín yín, kódà bí ẹgbẹ́ bá tú ká. Fún oko tí ẹ ó máa fi pawó, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló dára, torí níbẹ̀, oníkálukú mọ iye ìpín rẹ̀. Ẹ sì wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ dáadáa. Ohun tó ń dùn mí jù nípa Ayétòrò lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Òkun ń gbé ìlú náà lọ, ilé lẹ́yìn ilé, kò sì sí ìwé àdéhùn tó lè dá omi dúró.

4. Ẹ ṣètò bí ènìyàn yóò ṣe kúrò kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ìdílé kan á rí ìwé ìrìnnà gbà lọ sí Kánádà, òmíràn á yí ìjọ padà, ikú á sì mú ẹnìkan. Ẹ kọ ọ́ pé àwọn tó kù ni wọn ó kọ́kọ́ fi ilé ẹni tó ń kúrò lọ̀, pé ẹni tí kò mọ ẹni tó ń kúrò tàbí àwọn tó kù ni yóò díye lé e, kí ẹ sì kọ iye ọdún tí wọn ó fi san án. Opó ni kí ẹ kọ́kọ́ rò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ojú kò gbọdọ̀ ti obìnrin kan láàárín yín nítorí pé ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí.

5. Ẹ wá omi àti oúnjẹ ọdún àkọ́kọ́ kí ẹ tó kó ẹrù. Ẹ má lọ wo kànga nínú òjò. Oṣù kẹta ni kí ẹ lọ, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mu ún dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fa omi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó lè gbà yín. Gbágùúdá yóò lò tó oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan kí ẹ tó wú u. Ọ̀pẹ àgíríìkì yóò tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó so. Kí lẹ ó máa jẹ títí dìgbà náà? Nígbà tí 1960 ń wọlé, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà dá Fáàmù Sẹ́túmẹ́ǹtì sílẹ̀ níbi bí Ìlọrà àti Akúfọ̀, wọ́n fi ti àwọn ará Ísírẹ́lì ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n kọ́lé fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n yá wọn lówó, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn padà sígboro kí igi oko tó bẹ̀rẹ̀ sí í mówó wá. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kí ẹnìkan nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan má fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán.

6. Kí ẹni tí ń wàásù má ṣe jẹ́ akápò. Nínú ìjọ àkọ́kọ́ pàápàá, nígbà tí àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì ráhùn pé wọ́n ń gbójú fo àwọn opó wọn níbi ìpín oúnjẹ, àwọn àpọ́sítélì kò bínú, wọn kò sì gba àkóso oúnjẹ náà mọ́ra. Wọ́n ní kí wọ́n yan ọkùnrin méje fún un. Kí ọwọ́ méjì láti ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa wà lórí ìwé báńkì, kí ẹ máa ka ìṣirò owó sókè létí gbogbo ènìyàn lóṣooṣù. Kí ẹ sì yan àgbà kan tí kò bá yín gbé, tí ẹ ó máa gbé aáwọ̀ lọ bá. Níbi tí olórí bá ti di ẹni tí a kò lè bi léèrè, ẹ̀rù ló kù níbẹ̀.

7. Bí ìyàwó kan bá ní ọkàn òun kò lọ, ẹ dúró. Ọkùnrin ló sábà máa ń lá àlá oko, obìnrin ló máa ń pọnmi rẹ̀. Èyí tó ní ìsọ̀ lọ́jà Balógun, tó ti fi ọdún púpọ̀ kó oníbàárà jọ, kí ni yóò máa tà nínú igbó? Ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ má bá a dáhùn. Ní Ayétòrò nígbà kan, wọ́n ya ibùgbé ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò ní ti obìnrin. Èmi kò rò pé ó yẹ kí àwùjọ kankan wọ yàrá tọkọtaya dé bẹ́ẹ̀.

8. Ẹ má pọ̀ jù. Ní 1528 ni àwọn Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Hutterite bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ní ohun gbogbo, wọ́n ṣì wà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà títí dòní. Bí ibùdó wọn bá ti ń súnmọ́ nǹkan bí àádọ́jọ ènìyàn, wọ́n á wá ilẹ̀ mìíràn, wọ́n á pín sí méjì, kí ìjà tó pín wọn.

9. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ síléèwé, kí wọ́n sì lè lọ sígboro bí wọ́n bá dàgbà. Ọmọ tí ẹ bá sé mọ́lé kò ní padà wá mọ́ bó bá fi lè rí ọ̀nà jáde.

10. Ẹ lọ kí baálẹ̀ kí katakata tó wọlẹ̀, kí ẹ mọ àwọn tí ń da màlúù gba àdúgbò náà kọjá, kí ẹ sì mọ ilé ìwòsàn tó ní oògùn ejò àti bí ẹ ó ṣe débẹ̀ lóru. Àdúrà dára. Kí ọkọ̀ tó ní epo nínú wà nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ kọ ìwé àdéhùn yín lédè Yorùbá, kí àwọn ìyá àgbà tí ẹ ń mú lọ lè gbọ́ ọ yé nígbà tí ẹ bá kà á, kí agbẹjọ́rò tó wá sọ ọ́ di èdè òfin. Bó bá ti délẹ̀, mú un wá kí n kà á, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.