Olówó Là Ń Pè

"Ìpolówó" ti mọ́ wa létí débi pé a kì í tú u wò mọ́. "Pè" àti "olówó" ló para pọ̀ di polówó. Olówó là ń pè, kì í ṣe ọjà. Ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé dánfó ní Ìbàfò mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ ìpolówó rédíò lọ. Ojú ẹni tó na ọwọ́ lójú fèrèsé ló ń wò. Bí onítọ̀hún bá ní ó ti wọ́n jù, á fèsì kí mọ́tò tó ṣí.

Rédíò kò ní àǹfààní yẹn. Láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn ti fa wáyà Rediffusion wọ ilé àwọn ará Èkó lọ́dún 1935 ló ti ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Kò ṣàdédé jẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò rí ọjà, kò gbọ́ òórùn rẹ̀, kò lè ná an.

Èdè nìkan ló kù, ibẹ̀ gan-an sì ni Yorùbá ti rí já jẹ. Bí olóúnjẹ kan ní Mówè bá ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà (ìlú Ọ̀fàdà kúkú wà nítòsí wọn), kí ló dé tí yóò fi ní kí wọ́n kà á pé, "Oúnjẹ wa dára, ó sì kún ojú òṣùwọ̀n"? Ta ni itọ́ rẹ̀ máa yọ sí òṣùwọ̀n? Kó ní ìrẹsì ń gbóná fẹlifẹli, ọbẹ̀ ayamáṣe ń ta sánsán, epo ń dán yinrinyinrin lójú ẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni, "A ti ṣetán láti sìn yín." Òrìṣà là ń sìn, ọba là ń sìn. Oníbàárà ńkọ́? À ń dá a lóhùn, à ń tọ́jú ẹ̀. Ká tilẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ fi sí orin wò. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí "sìn". Bí olórin bá gbé e sókè díẹ̀ nítorí ìlù, ó di "sin". Mo gbọ́ irú ẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìfọ̀. Ìyá kan lẹ́yìn mi dáhùn pé òun ò tíì kú o.

Ní ti owó, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni 1,500. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọlọ́jà jà bó bá pè é ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹni tó bá dúró ṣírò kò ní gbọ́ àdírẹ́sì.

Àdírẹ́sì ọ̀hún náà sì nìyẹn: "òdìkejì ilé epo." Òdìkejì láti ibo? Ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta ni Ìfọ̀ wà. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló gba Ìbàfò àti Mówè kọjá, ẹni tó bá sì ṣì í kò lè kàn yí padà. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún àna yín tó ń bọ̀ wá kí yín: "Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Èkó, ọwọ́ ọ̀tún yín ni."