Ta Ni Yóò Kó Ilẹ̀ Ilé Wa?

Bí Yorùbá bá ní òun fẹ́ da ilẹ̀ nù, gbogbo wa mọ̀ pé ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ kọ́ ni ó ń wí, bí kò ṣe pàǹtírí tí a gbá kúrò lórí rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tí iṣẹ́ yìí tọ́ sí ni ó ń ṣe é.

Láyé àtijọ́, agbo ilé ni ó ń bójú tó ààtàn rẹ̀. Eérú, èèpo iṣu àti ewé ẹ̀kọ ni ó máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ewúrẹ́ a jẹ nínú rẹ̀, ìyókù a jẹrà, ibẹ̀ a sì lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀ tí tẹ̀tẹ̀ fi ń hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Àtúnlò kò ṣàjèjì sí wa nígbà náà.

Ohun méjì ni ó yí i padà. Èkíní, ìlú kún, àyè ààtàn sì tán. Èkejì, ọ̀rá àti ike gba ipò ewé. Wọn kì í jẹrà, ewúrẹ́ tí ó bá sì jẹ wọ́n ń wá ikú. Bí ẹrù agbo ilé ṣe di ẹrù ìjọba nìyẹn.

Ìjọba wo? Àfikún kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ilé ìyàgbẹ́ gbogboògbò àti dída ìdọ̀tí nù mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin 1979 wí. Síbẹ̀, ní 31 oṣù kẹjọ, 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, ẹ̀mí àti dúkìá sì ṣòfò. Òjò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sétí odò àti pàǹtírí tí a dà sínú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí omi rọ́nà lọ.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpò tí òun àti ìpínlẹ̀ jùmọ̀ ni ni owó rẹ̀ ń gbà kọjá. Ní Èkó, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀, LAWMA, ni ó ń bójú tó kíkó ilẹ̀. Ní 11 oṣù keje, 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ rẹ̀ tààrà. Níbi tí ìdájọ́ yìí bá ti ṣẹ, àwáwí tán.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ìjọba ìbílẹ̀ pèsè ibi ìdalẹ̀sí, kí ó sì dá ọjọ́ tí akólẹ̀ yóò máa wá. Kí àwa náà ya ìgò, agolo àti ike sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń rà wọ́n kiri, kí oúnjẹ tó ṣẹ́kù sì di ajílẹ̀. Ààtàn àtijọ́ ní ẹni tí a lè bi léèrè. Ẹ jẹ́ kí tòní náà ní i.