Àfonífojì Àwọn Òdòdó

Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Íńdíà, ní ìpínlẹ̀ Uttarakhand, àfonífojì kan wà láàárín àwọn òkè Himalaya tí wọ́n ń pè ní Àfonífojì Àwọn Òdòdó. Ó ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 3,000 mítà. Odò Pushpawati ni ó la ibẹ̀ kọjá. Láti abẹ́ yìnyín dídì ńlá tí ó wà ní òkè àfonífojì náà ni odò yìí ti ń ṣàn wá.

Fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún, yìnyín a bo gbogbo ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ yìnyín ju èyí tí ń bá òjò bọ́ lọ lè rò pé kò sí ohun tí ó lè yè níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Yìnyín náà gan-an ni aṣọ ìbora tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ líle pa gbòǹgbò àti irúgbìn. Nígbà tí ó bá yọ́ tán, oṣù mẹ́rin péré, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ni òdòdó ní láti hù, láti tanná, àti láti so èso.

Nítorí náà ni ìṣẹ̀dá wọn ṣe yàtọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kúrú, wọ́n sì fara mọ́ ilẹ̀. Ọ̀kan wà tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní brahma kamal, tí ń hù láàárín àpáta níbi tí ó ga jù. Àwọn ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan pa òdòdó rẹ̀ mọ́ sínú bí àgọ́: ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, òjò kò lè wọlé, inú rẹ̀ a sì móoru ju ìta lọ. Ìbátan rẹ̀ kan wà tí irun funfun bí òwú bò, bí arúgbó tí ó da kúbùsù bora.

Ní ọdún 1931, Frank Smythe, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ já sí àfonífojì yìí bí wọ́n ti ń ti òkè Kamet bọ̀. Àwọn kan a máa sọ pé òun ni ó kọ́kọ́ rí i. Wọ́n gbàgbé àwọn darandaran tí ń da àgùntàn àti ewúrẹ́ wọn lọ síbẹ̀. Ní 1939, Joan Margaret Legge wá láti ṣa òdòdó jọ fún ẹ̀kọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó ṣubú, ó sì kú. Ibojì rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní 1982, ìjọba sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpamọ́. Wọ́n fi òfin lé àwọn darandaran kúrò, kí ẹran má baà jẹ òdòdó run. Ṣùgbọ́n ewéko gíga kan, tí ó jẹ́ ti òkè Himalaya náà, bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀, ó sì ń ṣíji bo àwọn kéékèèké. Àwọn onímọ̀ kan ní àgùntàn ni ó ti ń dín in kù tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ tí ẹran ti tẹ̀ bàjẹ́ ni ó kọ́kọ́ gbà. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn bí àwọn tí ó ṣòfin ti rò. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà ni ó wá ń fi ọwọ́ fa ewéko náà tu, kí àyè lè gba òdòdó.