Àpótí Ìmọ̀: Ṣé Ó Yẹ Ká Méfò Nínú Ìdánwò JAM?

Ní Íńdíà, ìdánwò JAM ni ọ̀pọ̀ ń ṣe kí wọ́n tó lè kàwé gboyè ìkejì nínú sítátísítíìkì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ IIT: wákàtí 3, ìbéèrè 60, máàkì 100. Ní ìpín A, ọ̀kan ṣoṣo ló tọ̀nà nínú ìdáhùn 4. Ẹni tó bá ṣi ìbéèrè oní-máàkì 1 yóò pàdánù 1/3. Wọ́n sábà máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má méfò rárá. Ìmọ̀ràn ojo nìyẹn. Bí a bá dijú mú ọ̀kan, èrè tí à ń retí ni 1/4 − (3/4 × 1/3), òfo ni. Kò sí èrè, kò sí àdánù. Ṣùgbọ́n tí a bá ti já ìdáhùn kan kúrò, ó di 1/3 − (2/3 × 1/3), ìyẹn 1/9. Èrè dé nìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé ìgbà tí ìbéèrè bá pọ̀ ni irú ìṣirò yìí ń ṣẹ, ìbéèrè 30 péré ló sì wà ní ìpín A. Òótọ́ ni, èèyàn lè méfò lórí márùn-ún kó ṣi gbogbo wọn. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká fi ìdáhùn jíjá kúrò dánra wò: bí àpẹẹrẹ, fáríáǹsì kì í kéré sí òdo, nítorí náà ìdáhùn tó bá ní ó jẹ́ −2 kò lè tọ̀nà láé. Ní ìpín B àti C, àṣìṣe kì í dín máàkì kù. Ẹ má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófìfo níbẹ̀.