Ìrora Ọjọ́ Kejì Lẹ́yìn Ìjàǹbá Ọkọ̀

Ká ní obìnrin oníṣòwò kan wọ dánfó ní Òjótà, ó ń lọ ra tòmátì ní Mile 12. Ọkọ̀ mìíràn ya wá, ó kọ lu dánfó náà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀jẹ̀ ò sì jáde lára ẹnikẹ́ni. Obìnrin yìí sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ra ọjà, ó sì padà sílé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò lè yí ọrùn. Èjìká ń ro ó, ẹ̀yìn ti gan, àfi bíi pé wọ́n lù ú mọ́jú. Ṣé Panadol ni kí wọ́n fún un ni, àbí kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí ìrora náà fi pẹ́ kó tó dé. Bí jìnnìjìnnì bá bo èèyàn, ara a máa da èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú kí ọkàn máa sáré, òun náà ló sì ń bo ìrora mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣèṣe fi lè máa rìn kiri lójú títì, kó máa ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe mí." Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹ̀rí o. Iṣan tó fà ju agbára rẹ̀ lọ ti ya wẹ́wẹ́ nínú, níbi tí ojú kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara yóò máa wọ́ lọ síbẹ̀ láti tún un ṣe, ibẹ̀ yóò wú, yóò sì le. Láàárín wákàtí 24 sí 72 ni ìrora náà sábà máa ń pọ̀ jù.

Ọrùn ló máa ń jìyà jù bí wọ́n bá kọ lu ọkọ̀ lẹ́yìn. Ìjókòó á ti ara wa síwájú lójijì, orí á kù sẹ́yìn, kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, orí á tún jù síwájú. Orí àgbàlagbà wọ̀n tó kílò 4 sí 5, ọ̀pọ̀ ìjókòó dánfó kò sì ní ibi tí a lè gbé orí tì. Iṣan ọrùn nìkan ló máa di gbogbo ìwúwo yẹn mú.

Ìrora iṣan ní ìwà tirẹ̀. Ó máa ń tàn káàkiri ẹran ara, kì í dúró sójú kan. Bí èèyàn bá jókòó pẹ́, ara á gan. Bó bá rìn díẹ̀, ara á dẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó yẹ kó ti máa rọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lọ tán. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni kí ẹ máa bi ẹni tó ṣèṣe láràárọ̀: "Ṣé tòní sàn ju tàná lọ?"

Ní ti ìtọ́jú ilé, ẹ fi píọ̀wọ́tà kan sínú fíríìsà kó dì, ẹ fi aṣọ ìnura wé e, ẹ gbé e lé ibi tó ń dùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ sì gbé e kúrò. Ẹ má gbé e lé awọ ara lásán, nítorí òtútù náà lè ba awọ jẹ́. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́ fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni omi gbígbóná àti aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wúlò. Kí èèyàn má dùbúlẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kó máa rìn, kó máa yí ọrùn jẹ́jẹ́ débi tó bá gbà á. Àgbàlagbà lè lo parasitámọ́ọ̀lù (irú bíi Panadol) 500mg méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó fi wákàtí 4 sí 6 sí àárín, kó má sì kọjá 8 láàárín wákàtí 24. Ẹ rántí pé parasitámọ́ọ̀lù wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn òtútù pẹ̀lú. Ibuprofen, oògùn ìrora mìíràn, kò yẹ fún aláboyún, ọlọ́gbẹ́ inú tàbí ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, àyàfi tí dókítà bá ní kó lò ó.

Mo bẹ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọrùn tó ṣèṣe fà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n di igi mọ́ ẹsẹ̀ tó kán pinpin. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé mọ́ á kú, gígé ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ilẹ̀ wa ló ti pàdánù apá tàbí ẹsẹ̀ báyìí lórí eegun tí ì bá jinná.

Àwọn àmì kan wà tí kò jẹ mọ́ ìrora iṣan rárá. Bí orí fífọ́ ẹni tó ṣèṣe bá ń le sí i, tí ó ń bì léraléra, tí oorun rẹ̀ kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀, tí ó ń sọ̀rọ̀ kántankàntan tàbí tí omi ń jáde létí tàbí nímú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, ì báà jẹ́ òru. Bí eegun àárín ọrùn bá ń dùn ún, tàbí tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kò mọ nǹkan mọ́ lára, ẹ má wọ́ ọ wọ inú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ di orí rẹ̀ mú kó má mì, kí ẹ sì pe 112 tàbí 122, nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Bí abẹ́ kò bá mọ nǹkan lára tàbí tí ìtọ̀ kò ṣe é tọ̀, pàjáwìrì ni.

Ikùn ló máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Bí ojú ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó gbà kọjá bá dáranjẹ̀ lórí ikùn, tí inú sì ń le tàbí tí ó ń dùn, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú láìsí ẹ̀kán kan níta. Nígbà mìíràn, èjìká òsì ni yóò máa dun ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èjìká náà kò ṣèṣe. Àìlèmí dáadáa, ìtọ̀ tó pọ́n tàbí tó ṣú dúdú, àti ẹsẹ̀ tó wú le gbagidi tí ìrora rẹ̀ kò gbọ́ oògùn, gbogbo wọn ń fẹ́ dókítà lójú ẹsẹ̀. Aláboyún, ẹni tó ti lé ní ọdún 65 àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọ́dọ̀ dúró de àmì kankan kó tó lọ.

Bí ẹ bá dé ọsibítù, ẹ sọ ibi tí ẹni tó ṣèṣe náà jókòó sí nínú ọkọ̀, bóyá ó de bẹ́líìtì, bóyá ó dákú, àti oògùn tó ti lò. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ì báà jẹ́ pé kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtanràn ₦100,000, ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ tàbí méjèèjì ló wà fún ẹni tó bá kọ̀ ọ́.