Ẹ Tọ Ipasẹ̀ Lẹ́tà Náà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Arakale nílùú Àkúrẹ́ níbí, ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tí n kò fẹ́ gbé relé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín wọlé tọ̀ mí wá, òógùn bò ó. Ó ní, “Ọ̀gá, lẹ́tà ò dé o.” Kọ̀ǹpútà Linux kan ni oníbàárà gbé fún un. Ó yẹ kí ẹ̀rọ náà máa kọ lẹ́tà sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní alaalẹ́, kò sì rí ẹyọ kan. Mo bi í pé kí ló ti ṣe. Ó ní òun ti yọ Postfix, ètò tó ń gbé lẹ́tà, kúrò, òun ti tún un gbé sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta, òun sì ti da ìlà mẹ́fà tí òun rí níbì kan kọ sínú fáìlì ètò rẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi, lẹ́tà ọ̀hún ńkọ́? Ibo ló dé kó tó dúró?” Ó wolẹ̀. Kò wá a rárá.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n pè yín jọ. Ẹni tí ìránṣẹ́ rẹ̀ kò dé, ṣé ilé ló yẹ kó wó, àbí ọ̀nà tí ìránṣẹ́ gbà ló yẹ kó tọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín rò pé ọjọ́ kan náà la bí ímeèlì àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Lọ́dún 1965, ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, Tom Van Vleck àti Noel Morris kọ àṣẹ kan tí wọ́n pè ní MAIL. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín lò nígbà náà, ẹni tó bá lò ó láàárọ̀ a sì fi lẹ́tà sílẹ̀ fún ẹni tí yóò lò ó lálẹ́. Lẹ́tà náà kò jáde nílé. Ọdún 1971 ni Ray Tomlinson tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sórí òmíràn, tó sì fi àmì @ sáàárín orúkọ ẹni àti orúkọ ẹ̀rọ. Lẹ́tà inú ilé ló ṣáájú lẹ́tà ọ̀nà jíjìn. Títí dòní, Linux kò gbàgbé àṣà yẹn. Bí iṣẹ́ òru tí ẹ fún cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ní àsìkò tí ẹ dá fún un, bá ní ohun tó fẹ́ sọ, lẹ́tà ló ń kọ. Bí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ bá fẹ́ fi sudo ṣe bí olórí, lẹ́tà ni ẹ̀rọ ń kọ sí root, tí í ṣe olórí ẹ̀rọ gan-an. Kọ̀ǹpútà tí kò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì rí pàápàá ń kọ lẹ́tà nínú ara rẹ̀.

Ìránṣẹ́ tó ń gbé lẹ́tà wọ̀nyí kì í ṣe ẹyọ kan. Eric Allman ló kọ Sendmail ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àsìkò tí wọ́n dá yunifásítì FUTA tiwa sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, ní 1981. Philip Hazel kọ Exim ní Cambridge ní 1995. Wietse Venema, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ Postfix nígbà tó wà ní IBM, ó sì jáde ní 1998. Postfix lẹ ó máa bá pàdé jù nínú iṣẹ́ yín, òun ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ ìránṣẹ́ kí ìwé tó dé. Wọ́n ń pa àrokò. Bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ẹfà ló wí: ọkàn òun fà sí ọ. Ẹni tó gbé e lọ́wọ́ lè má mọ ohun tó wí, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé e dé. Bí àrokò kò bá sì dé, àwọn àgbà kì í bínú sí owó ẹyọ. Wọ́n a béèrè: Ta la fi rán? Ta ló pàdé rẹ̀ lọ́nà? Ẹnu bodè wo ló dé? Ìbéèrè wọ̀nyẹn náà ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

N ó sọ ohun tí ojú mi rí nílùú Oǹdó. Ọ́fíìsì kan wà níbẹ̀ tí mo ń bá tọ́jú kọ̀ǹpútà. Aago méjì òru lójoojúmọ́, ẹ̀rọ náà ń da àkọsílẹ̀ wọn kọ sórí dísìkì kejì, bí nǹkan bá sì bàjẹ́, yóò kọ lẹ́tà sí akọ̀wé tó ń ṣí i láàárọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tó yá, wọ́n kó lọ sí ilé mìíràn, ẹnìkan sì sọ ẹ̀rọ náà ní orúkọ tuntun. Láti ọjọ́ náà lẹ́tà kò dé mọ́. Akọ̀wé kò fòyà. Ó ní bí kò bá ti sí lẹ́tà, a jẹ́ pé àlàáfíà ni. Èmi náà kò béèrè. Dísìkì kejì kún dẹ́nu, ẹ̀rọ ń ké lóru, igbe rẹ̀ kò dé etí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan ṣèèṣì pa fódà àkọsílẹ̀ rẹ́, a sáré lọ bá ẹ̀dà. Ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ ti lé lóṣù kan. Mo jókòó ti akọ̀wé náà bó ṣe ń tún iṣẹ́ oṣù kan tẹ̀ láti inú ìwé, ojú rẹ̀ pọ́n kuku, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣoṣo tí n kò béèrè ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò tilẹ̀ dákẹ́. Àwa la kò gbọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé lẹ́tà ò dé, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ìránṣẹ́ tilẹ̀ wà nílé. Ọ̀pọ̀ Ubuntu àti Debian tuntun kì í gbé ìránṣẹ́ kankan wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, cron yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹ̀rọ pé No MTA installed, discarding output. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun ò rí ẹni rán, òun sì ti da ọ̀rọ̀ náà nù. Ẹ tẹ systemctl status postfix kí ẹ wò ó. Bó bá jẹ́ pé kò sí, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ, nígbà tó bá sì bi yín irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe, ẹ mú Local only. Lẹ́tà inú ilé lẹ ń wá, ẹ má ṣílẹ̀kùn ìta.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi lẹ́tà tiyín rán an, kí ẹ lè mọ ìgbà tó gbéra. Ẹ tẹ echo "Ẹ kú iṣẹ́" | mail -s "Ìdánwò", kí ẹ fi orúkọ ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ní òun ò mọ mail, ẹ gbé mailutils sí i. Kí onítọ̀hún wá tẹ mail lórí àkáǹtì tirẹ̀. Bó bá rí i, ọ̀nà dára, ẹ lọ wo ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Bí kò bá rí i, ẹ tẹ̀síwájú.

Ẹ tẹ mailq. Àṣẹ yìí yóò fi àwọn lẹ́tà tó ṣì tò lórí ìlà hàn yín, pẹ̀lú ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dúró. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀. Ẹ mú àmì yẹn, ẹ fi grep wá a nínú /var/log/mail.log. Lórí Red Hat àti àwọn ìbátan rẹ̀, /var/log/maillog ni. Lórí Debian tuntun tí fáìlì yẹn kò bá sí, ẹ lo journalctl. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni kí ojú yín máa wá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ status=sent, ìránṣẹ́ ní òun ti jíṣẹ́. Bó bá jẹ́ status=deferred, ó pàdé ìdíwọ́, yóò tún padà lọ. Bó bá jẹ́ status=bounced, ó ti dá lẹ́tà padà. Ìdí rẹ̀ wà nínú àkámọ́ tó tẹ̀lé e. Ẹ kà á dópin. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló ń ka ìdajì, tí wọ́n á sì fi ìdajì yẹn tún ẹ̀rọ ṣe.

Ibi orúkọ ni ìdíwọ́ ti ń pọ̀ jù. Ilé là á wò, ká tó sọmọ lórúkọ. Ìlà kan wà nínú /etc/postfix/main.cf tó ń jẹ́ mydestination. Gbogbo orúkọ tí ẹ̀rọ gbà pé tòun ni ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ẹ̀rọ ní orúkọ tuntun nínú /etc/mailname, tí wọn kò sì kọ orúkọ náà sí mydestination, ẹ̀rọ kò ní dá ara rẹ̀ mọ̀ mọ́. Yóò gbé lẹ́tà ará ilé jáde, yóò máa wá ilé onílé kiri ní gbangba. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Oǹdó nìyẹn. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọ́fíìsì náà, ìránṣẹ́ kò rí ẹni bi léèrè ọ̀nà. Postfix a máa tọ́jú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 5, kó tó dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ sì ń jẹ́ orúkọ tuntun kan náà, ìdápadà pàápàá kò rílé wọ̀. Báyìí ni igbe oṣù kan ṣe ṣègbé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi kún mydestination, a tẹ systemctl reload postfix, a tẹ postqueue -f pé kí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà tún gbéra, àwọn lẹ́tà tó kù sì wọlé wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀.

Bí orúkọ bá dára, ẹ wo /etc/aliases. Ibẹ̀ la ti ń sọ pé lẹ́tà ẹni báyìí, kí wọ́n gbé e fún ẹni báyìí. Bí ẹ bá kọ root: kí orúkọ yín sì tẹ̀lé e, lẹ́tà olórí ẹ̀rọ yóò máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má gbàgbé láti tẹ newaliases lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé yẹn, Postfix kò ní kà á títí ẹ ó fi tẹ àṣẹ náà.

Bí ìwé ìròyìn bá ní sent, tí ẹni náà sì búra pé òun ò rí i, ẹ gba àwọn méjèèjì gbọ́. Ó lè jẹ́ pé ojúbodè kan ni ìránṣẹ́ gbé e sí, òmíràn ni ẹni náà ń ṣọ́. Ìránṣẹ́ lè kó o sínú fódà Maildir nínú ilé onílẹ́tà, kí àṣẹ mail máa wo /var/mail. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ fẹnu kò síbì kan. Bí ọ̀rọ̀ ààyè bá sì wà nínú àkámọ́ tó tẹ̀lé status, ẹ tẹ df -h, dísìkì ti kún. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láti ṣí fáìlì, ẹ fi ls -l wo ẹni tó ni àpótí lẹ́tà náà nínú /var/mail. Àpótí tí ẹ dà kọ láti orí ẹ̀rọ àtijọ́ lè ṣì máa jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ohun kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó yí èkejì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ló kù. Ẹ kò gbọdọ̀ sáré tẹ postsuper -d ALL nítorí pé ìlà gùn. Àṣẹ yẹn ń jó gbogbo lẹ́tà tó dúró, kò sì sí ẹni tó lè jí wọn dìde. Ẹ kò gbọdọ̀ kọ 0.0.0.0/0 sí mynetworks, ìlà inú main.cf tó ń sọ àwọn tí ẹ̀rọ yóò bá gbé lẹ́tà jáde, nítorí pé ẹnìkan ní ó bá òun ṣiṣẹ́. Ẹ ti fi ilé oníbàárà sílẹ̀ nìyẹn fún gbogbo ayé láti máa fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ jìbìtì, Nàìjíríà sì ní òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà láti 2015. Ìkẹta ló wúwo jù lọ́kàn mi. Ẹni tó ní àṣẹ root lè ṣí àpótí gbogbo ènìyàn. Ẹ wo orúkọ fáìlì, ẹ wo bó ṣe tóbi tó àti ọjọ́ tó wọlé, kó tán síbẹ̀. Ẹni tó gbé àrokò kì í tú u wò. Ohun tó mú kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn fún wa ní Arakale ni pé ọmọlúàbí ni wọ́n pè wá.

Nígbà tí ẹ bá sì tún un ṣe tán, ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ òru máa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kódà bí gbogbo nǹkan bá dára. Kó kọ “mo ṣe é, ó pé.” Lọ́jọ́ tí lẹ́tà kò bá dé, ẹni tó ń retí rẹ̀ yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ètò tí mo ṣe sí ẹ̀rọ Oǹdó nìyẹn lẹ́yìn ẹkún. Akọ̀wé náà ń ka lẹ́tà rẹ̀ láràárọ̀ báyìí kó tó ṣí fèrèsé.

Lálẹ́ òní, kí oníkálukú yín kọ lẹ́tà kan sí ara rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, kó sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé inú àpótí. Ẹ wá sọ fún mi lọ́la ibi tó gbà. Ìránṣẹ́ yín kò ní sọnù lọ́nà, ẹ̀yin náà kò sì ní di etí sí ẹni tó ń ké sí yín.