Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́ Fílọ́sọ́fì: Tíọ́rì Òtítọ́ Fífúyẹ́

ÌTUMỌ̀

1. Tíọ́rì òtítọ́ fífúyẹ́ ni èrò pé ọ̀rọ̀ náà "òtítọ́" kò ru ẹrù tó wúwo. Ẹni tó sọ pé "Òtítọ́ ni pé wọ́n pa Késárì" kò sọ ju ohun tí ẹni tó ní "Wọ́n pa Késárì" sọ lọ.

2. Àwọn tíọ́rì àtijọ́ ka òtítọ́ sí àbùdá, ìyẹn ohun kan tó wà lára gbólóhùn, tí a lè tú wò. Tíọ́rì ìbáramu ní gbólóhùn jẹ́ òtítọ́ bí ó bá bá ohun tó wà láyé mu. Tíọ́rì ìṣọ̀kan ní ó jẹ́ òtítọ́ bí ó bá wọnú àwọn èrò wa yòókù láìtakò wọ́n. Ti ìwúlò wo àǹfààní tó wà nínú gbígbà á gbọ́.

3. Tíọ́rì fífúyẹ́ kò bá wọn du ipò. Ó ní ìbéèrè tí wọ́n jọ ń dáhùn, "Kí ni òtítọ́ gan-an?", kò ní ìdáhùn kankan tó jinlẹ̀.

4. Àkíyèsí: tíọ́rì yìí kò sọ pé òtítọ́ kò sí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni máàkì sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

ÌPILẸ̀ṢẸ̀

1. Gottlob Frege, ará Jámánì, kọ ọ́ ní 1918 pé ẹni tó ní òun ń gbọ́ òórùn òdòdó àti ẹni tó ní òtítọ́ ni pé òun ń gbọ́ òórùn òdòdó, ohun kan náà ni wọ́n sọ.

2. F. P. Ramsey, ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ní 1927. Òun ló lo àpẹẹrẹ Késárì tó wà lókè. Ọmọ ọdún 26 péré ni nígbà tó kú ní 1930.

3. Alfred Tarski, ará Pólàńdì, gbé Ìlànà T kalẹ̀ ní 1933. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ ni pé gbólóhùn náà "Òjò dídì funfun" jẹ́ òtítọ́ bí òjò dídì bá funfun, kò sì lè jẹ́ òtítọ́ bí kò bá funfun. Tarski kò ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn onítíọ́rì fífúyẹ́. Ọ̀nà Aristotle ló ní òun ń tọ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ Ìlànà T di òpómúléró tíọ́rì yìí.

ORÍṢI

1. Tíọ́rì àfikún asán: "òtítọ́ ni" kò fi nǹkan kan kún gbólóhùn. Ramsey àti A. J. Ayer (1936) ló dì í mú.

2. Tíọ́rì ìfọwọ́sí: ẹni tó ní "Òtítọ́ ni" kò ṣàpèjúwe nǹkan kan, ó kàn fọwọ́ sí ohun tí ẹlòmíràn sọ ni. P. F. Strawson ló gbé e jáde ní 1949.

3. Tíọ́rì ìyọkúrò àmì àyọlò: fi "jẹ́ òtítọ́" sẹ́yìn gbólóhùn tó wà nínú àmì àyọlò, ó di pé o ti yọ àmì náà kúrò. Ti W. V. Quine nìyí (1970).

4. Tíọ́rì arọ́pò-gbólóhùn: bí "ó" ṣe ń dúró fún orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni "òtítọ́ ni" ń dúró fún odidi gbólóhùn. Grover, Camp àti Belnap ló kọ ọ́ ní 1975.

5. Tíọ́rì ìwọ̀nba: Paul Horwich (1990) ní bí a bá kó gbogbo àpẹẹrẹ Ìlànà T jọ, a ti sọ gbogbo ohun tó wà láti sọ nípa òtítọ́.

ÌWÚLÒ

1. Ìbéèrè ìdánwò tó wọ́pọ̀ jù nìyí: bí ọ̀rọ̀ náà kò bá fi nǹkan kan kún gbólóhùn, kí ló dé tí èdè fi ní i?

2. Ìdáhùn ni pé à ń lò ó láti sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pọ̀ gbólóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká ní lọ́yà kan kò sí ní kóòtù lánàá, ṣùgbọ́n ó mọ ẹlẹ́rìí tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí yẹn sọ." Kò lè tún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sọ, nítorí kò gbọ́ ọ.

3. Láìsí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí lọ́yà ní láti sọ rèé: bí ẹlẹ́rìí bá ní ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, bí ó bá ní iná kú, iná kú, bí ó bá ní òun kò rí ẹnikẹ́ni, kò rí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ yóò ṣú, kò ní tíì parí.

4. Nítorí èyí ni tíọ́rì àfikún asán nìkan kò fi tó. A lè pa "òtítọ́" rẹ́ nínú "Òtítọ́ ni pé wọ́n pa Késárì". Bí a bá pa á rẹ́ nínú ọ̀rọ̀ lọ́yà, kò ku gbólóhùn kankan sílẹ̀.

ÌṢÒRO

1. Àdìtú Òpùrọ́. Wo gbólóhùn yìí: "Gbólóhùn yìí kì í ṣe òtítọ́." Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, ohun tó sọ nípa ara rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe òtítọ́. Bí kì í bá ṣe òtítọ́, ohun tó sọ gan-an nìyẹn, nítorí náà òtítọ́ ni. Ìlànà T ló bí ìtakora yìí.

2. Láti bọ́ nínú àdìtú yìí, Tarski pín èdè sí ìpele: èdè ìsàlẹ̀ ni èyí tí à ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, èdè òkè ni èyí tí a fi ń sọ ọ́. Òkè nìkan ni "òtítọ́" ti ìsàlẹ̀ ń gbé. Ní ti Horwich, kí a yọ gbólóhùn tó ń bí àdìtú kúrò nínú àkójọ àpẹẹrẹ Ìlànà T.

3. Saul Kripke fi hàn ní 1975 pé ojú lásán kò lè dá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ mọ̀. Bí ẹlẹ́rìí kìíní bá ní "Ohun tí ẹlẹ́rìí kejì sọ kì í ṣe òtítọ́," tí ẹlẹ́rìí kejì sì ní "Òtítọ́ ni ohun tí ẹlẹ́rìí kìíní sọ," tí wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àdìtú ti dé, bẹ́ẹ̀ kò sí àléébù lára ọ̀kankan nínú gbólóhùn méjèèjì.

4. Ìṣòro ète. Michael Dummett (1959) ní ẹni tó mọ bí ayò ṣe ń parí láìmọ̀ pé ìborí ni àwọn òṣèré ń wá, kò tíì mọ ohun tí ìborí jẹ́. Bákan náà, Ìlànà T kò sọ pé òtítọ́ ni à ń lé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀.

5. Ìṣòro àlàyé. Ẹni tí èrò rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ máa ń débi tó ń lọ. Àwọn alátakò ní èyí fi hàn pé òtítọ́ ń ṣiṣẹ́ gidi. Horwich fèsì pé bí mo bá gbà pé ọkọ̀ ń lọ ní aago mẹ́jọ, tí ọkọ̀ sì ń lọ ní aago mẹ́jọ, n óò bá a. A kò tíì dárúkọ òtítọ́ rárá.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

1. Fi ìyàtọ̀ hàn láàrin tíọ́rì àfikún asán àti tíọ́rì ìwọ̀nba.

2. "Òtítọ́ ni ọ̀kan nínú ohun tí ẹlẹ́rìí sọ, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tó jẹ́." Ǹjẹ́ a lè sọ èyí láìlo "òtítọ́"? Ṣàlàyé.